Èsì: Ṣé kí ráútà àwọn oníbàárà wa máa gba àkókò lọ́wọ́ pool.ntp.org?

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Àkójọ sáfà tó ń sọ aago tó péye fún kọ̀ǹpútà ni pool.ntp.org. Ráútà 3,000 tí ẹ ní yẹn, ẹ má darí wọn síbẹ̀. Ẹ gbé sáfà àkókò tiyín kalẹ̀. Ọ̀fẹ́ làwọn tó ń fi sáfà wọn sílẹ̀ níbẹ̀ ń ṣe é. Ẹ̀yin ń gbowó lóṣooṣù lọ́wọ́ àwọn oníbàárà yín. Ní 2003, ráútà Netgear tí wọ́n kọ àdírẹ́sì Yunifásítì Wisconsin mọ́ nínú ya bo sáfà àkókò wọn bí eéṣú.

Tó bá ṣe pé ọ́fíìsì oníkọ̀ǹpútà mẹ́wàá ni, pool ti tó.

1. Ẹ fi chrony, ètò tó ń mú aago kọ̀ǹpútà péye, sórí kọ̀ǹpútà méjì. Èyí tó ti gbó gan-an lè ṣe é.
2. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orísun àkókò mẹ́rin, ó kéré tán. Bó bá jẹ́ méjì péré, tí ọ̀kan ń parọ́, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ òpùrọ́?
3. Ẹ fi option 42 ti DHCP (ètò tó ń pín àdírẹ́sì fún ẹ̀rọ) sọ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà méjèèjì fún ráútà. Àwọn ráútà kan kì í kà á sí. Ìyẹn, ẹ máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Nínú chrony, àdírẹ́sì àwọn oníbàárà yín nìkan ni kí ẹ kọ tẹ̀ lé "allow", àṣẹ tó ń sọ ẹni tó lè gba àkókò.