Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Tour wo ni kí n kọ́kọ́ rà sílé?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ní ilẹ̀ Benin ni mo wà. Mo ń tún alùpùpù àti ẹ̀rọ ìlọgbàdo ṣe lẹ́yìn ilé wa. Bí ọ̀pá ẹ̀rọ bá ti jẹ, tàbí tí búṣì bá fẹ̀, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ń gbé e wá. Mo ti ń tọ́jú owó láti ra tour tèmi, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè gé e. Ẹnì kan ní kí n ra kékeré tuntun tó ti Ṣáínà wá, ẹlòmíràn ní kí n lọ wá àlòkù Yúróòpù ní Kùtọnú. Yàrá tí mo ní jẹ́ mítà mẹ́ta sí mẹ́rin, iná tó wọlé wa sì jẹ́ mono, iná onífésì kan. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìnáwó ọkọ̀ láti Kétu dé ọ̀dọ̀ wa. Kí a tó sọ̀rọ̀ tuntun tàbí àlòkù, mú pied à coulisse rẹ (irinṣẹ́ tí a fi ń wọn irin), kí o wọn gbogbo ohun tó ti gbé ọ wá sí Àjàṣẹ́ láti ọdún kan sẹ́yìn. Kọ ọ́ sínú ìwé: ọ̀pá tó gùn jù, púlè tó fẹ̀ jù. Ìwé yẹn ni kó yan tour fún ọ, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnu ẹni tó ń tà á yàn án.

Ìwọ̀n méjì ni wọ́n máa ń fi pe tour, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní lathe. Èkíní ni bí irin tó lè yí lókè banc ṣe lè fẹ̀ tó. Banc ni irin gbọọrọ tí gbogbo ẹ̀rọ jókòó lé. Èkejì ni gígùn láàárín ṣóńṣó méjèèjì tó ń di ọ̀pá mú níwájú àti lẹ́yìn. Àwọn kékeré Ṣáínà tí wọ́n ń gbé ka orí tábìlì sábà máa ń jẹ́ 180 mm sí 300 tàbí 350 mm, wọ́n sì ń wúwo tó nǹkan bí 40 kg. Ṣọ́ra fún 180 yẹn o. Ẹ̀gbẹ́ mandrin, ìyẹn ẹnu tó ń gbá irin mú, nìkan ló ti jẹ́ 180. Irin tó bá gùn débi tí chariot tó gbé ọ̀bẹ yóò fi gba abẹ́ rẹ̀ kọjá kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju nǹkan bí 110 mm lọ. Gígùn náà kì í pé: bí o bá fi mandrin sí iwájú, tí o fi irinṣẹ́ ìlùhò sí ẹ̀yìn, wọ́n ti jẹ púpọ̀ nínú 350. Ihò tó la àárín orí ẹ̀rọ já náà kò ju nǹkan bí 20 mm lọ, nítorí náà ọ̀pá 30 mm kò lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ̀rọ yẹn á ṣe búṣì alùpùpù dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìlọgbàdo ń kọ́? Bí púlè rẹ bá fẹ̀ tó 200 mm, kò ní yí níbẹ̀ rárá. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé èyí tó tẹ̀ lé e ló bá ọ mu, àwọn tó jẹ́ nǹkan bí 250 mm sí 550 mm. Wọ́n wúwo ju 100 kg lọ, ọkùnrin mẹ́rin á gbé e wọlé, iná mono sì ni moteur wọn sábà ń jẹ. Ìwúwo yẹn kì í ṣe ìyà. Òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀bẹ máa gbọ̀n nígbà tó bá ń gé irin.

Ní ti àlòkù Yúróòpù, èmi alára fẹ́ràn wọn, irin wọn dára. Ṣùgbọ́n wo plaque, páànù kékeré tí wọ́n kọ irú iná sí, tó wà lára moteur kí o tó wo ohunkóhun mìíràn. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ triphasé, ìyẹn oníná fésì mẹ́ta. Bí wọ́n bá kọ 220/380 V síbẹ̀, ọ̀nà wà: a óò so okùn moteur ní triangle (bí onígun mẹ́ta), a óò fi variateur, àpótí tó ń gba mono 220 tó sì ń yọ triphasé 220, síwájú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 380/660 ni wọ́n kọ, ọ̀nà yẹn kò ṣiṣẹ́ fún un. O máa yí moteur padà ni, tàbí kí o lọ bẹ SBEE, iléeṣẹ́ iná mànàmáná wa, fún triphasé.

Ẹ̀yìn náà ni kí o wá wo banc. Èyí ni mo fi owó kọ́. Tour àkọ́kọ́ tí mo rà ní Kùtọnú, wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà tútù, ó ń dán, ó ń yí láìpariwo. Mo gbé e délé, mo yí ọ̀pá kan, ibi tó jìnnà sí mandrin jẹ́ 25.00 mm, ẹ̀gbẹ́ mandrin jẹ́ 25.12. Banc ti jẹ níwájú mandrin, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀dà kò sì lè dí i. Omi ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde.

Nítorí náà, sún chariot dé ẹ̀gbẹ́ mandrin, fún àwọn skuruu tó ń mú un mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní mì mọ́, kí o wá rọra tì í lọ sí ìdí kejì. Bí ó bá há lójú ọ̀nà, banc ti jẹ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ní kí wọ́n tan iná. Mú irin 30 mm lọ́wọ́ lọ, jẹ́ kó yọ síta mandrin ní 150 mm, gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí o wọn ìdí méjèèjì. Ìyàtọ̀ 0.02 mm kò burú fún àlòkù. Bí ó bá tó 0.1 tí chariot sì tún há, máa bọ̀ nílé. Bí chariot kò bá há, ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ni kò jókòó dáadáa, ìyẹn ṣeé tún ṣe.

Ka àwọn pignon (àgbá irin eléyín) tó ń bá a wá pẹ̀lú, nítorí àwọn ni wọ́n fi ń gé ìlọ́ ara bóòtù. Bóòtù M8 ń fẹ́ ìlọ́ 1.25 mm, M10 ń fẹ́ 1.5 mm. Bí tour náà bá jẹ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí wọ́n fi ínṣì ṣe, bèèrè pignon eléyín 127. Láìsí i, ìlọ́ milimítà tó pé pérépéré yóò nira fún ọ.

Má ná gbogbo owó rẹ sórí ẹ̀rọ. Fi bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan pamọ́ fún mandrin eléyín mẹ́rin, meule (òkúta ìpọ́nrin), micromètre (ìwọ̀n tó ń ka ìdá milimítà), àti irin ọ̀bẹ tí wàá máa fi ọwọ́ ara rẹ pọ́n. Tuntun Ṣáínà náà ń fẹ́ ìtọ́jú: tú u, fọ gírísì inú àpótí kúrò, fún àwọn skuruu rẹ̀ bó ṣe yẹ, kí o tó gé irin kankan.

Mo bẹ̀ ọ́, má wọ ìbọ̀wọ́ tàbí bùbá alápá gbọọrọ nídìí rẹ̀. Bí o bá ti fún mandrin tán, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ àfi sórí tábìlì. Bí o bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ tí o tan iná, ó lè fò lu ojú rẹ tàbí àyà rẹ.

Kí o tó san owó, fi àwòrán plaque moteur ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ìwọ̀n ìdí méjèèjì irin 30 mm yẹn. Bí ó bá ṣe é ṣe, èmi á bá ọ dé Kùtọnú.