Kí ẹ tó ra iná pupa fún ẹnu màmá yín

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Ẹ ní jẹjẹrẹ ọmú ni, pé kẹ́mò (oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ) ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó lọ fún iṣẹ́ abẹ, àti pé ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ń ta iná pupa kan tó ní kò ní jẹ́ kí ẹnu wọn bó. Ẹ béèrè bóyá òótọ́ ni àbí gbájúẹ̀. Ẹ tún béèrè ìdí tí nọ́ọ̀sì fi ní kí màmá má lé làálì wá sí ilé ìwòsàn. Ìbéèrè méjèèjì tan mọ́ra ju bí ẹ ṣe rò lọ, mo sì ti gba inú gbogbo ẹ̀ kọjá: kẹ́mò, ọmú òsì tí wọ́n gé, apá tó wú lẹ́yìn ẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ dáhùn ṣá: iná pupa kì í ṣe irọ́ látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà fún yín yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Ìwádìí gidi wà lórí iná àti egbò ẹnu. Àmọ́ lójú tèmi, ẹni tó bá gbé ìwádìí wá bá aláìsàn gbọ́dọ̀ lè sọ ara àwọn wo ni wọ́n ti dán an wò, irú iná wo ni, àti ta ló tàn án.

Ẹ jẹ́ ká ti ẹnu bẹ̀rẹ̀. Kẹ́mò kì í dá jẹjẹrẹ nìkan mọ̀. Gbogbo ibi tí ara ti ń yára sọ ara rẹ̀ di ọ̀tun ló ń lù, awọ inú ẹnu sì wà níbẹ̀, pẹ̀lú irun orí àti awọ inú ìfun. Ìdí nìyẹn tí ẹnu kì í fi í dunni lọ́jọ́ tí wọ́n fa oògùn náà síni lára. Awọ tó wà nílẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tó bá gbó tán tí kò sí òmíràn tó máa rọ́pò rẹ̀ ni wàhálà dé, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Oògùn pupa ni wọ́n kọ́kọ́ fún èmi, doxorubicin (ìtọ̀ á pọ́n bíi zobo fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ sọ fún màmá kí wọ́n má bàa pariwo nínú ilé ìwẹ̀). Ètè ló kọ́kọ́ ń ta mí. Nígbà tó yá, abẹ́ ahọ́n funfun, ó là, itọ́ gan-an di ohun tí mo ń ronú kí n tó gbé mì. Ẹ̀kọ mímu tó ti tutù ni mo fi gbé ara ró, àti ẹyin tí wọ́n rọra sè. Ọbẹ̀ tí àwọn ọmọ mi ní kò láta rárá, mo fẹnu kàn án, omi bọ́ lójú mi.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ kò gbówó lórí. Mo lọ rí dókítà eyín kí kẹ́mò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n yọ eyín kan tó ti kẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, tẹ́ ẹ bá sì mọ̀ pé màmá kò lè ṣe kó má rin pákò, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sinmi rẹ̀ fún ìgbà yìí. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ láti fi yọ ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ. Omi ìfọnu inú ìgò tó ń ta lẹ́nu nítorí ọtí tó wà nínú ẹ̀, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Tí ara bá sì gbóná dé 38 nígbà tí ẹnu ti bó, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, torí ojú egbò yẹn ni kòkòrò ń gbà wọlé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ funfun ti lọ sílẹ̀.

Yìnyín náà wà. Fún oògùn tí wọ́n ń pè ní 5-FU, tí wọ́n bá fà á síni lára lẹ́ẹ̀kan náà, ìmọ̀ràn àwọn oníṣègùn ni kí aláìsàn máa mu yìnyín lẹ́nu fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó sì ti bẹ̀rẹ̀ kí oògùn tó wọlé. Òtútù máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹnu pọ̀, oògùn tó ń dé ibẹ̀ á dín kù. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo oògùn. Ẹni tó bá wà lórí oxaliplatin, tí wọ́n sábà máa ń fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ìfun, kò gbọ́dọ̀ dán an wò, nítorí oògùn yẹn máa ń sọ òtútù di ìrora.

Níbi òtútù yìí, mo fẹ́ sọ ìwádìí kan tí mo fẹ́ràn gan-an. Lọ́dún 2018, àwọn dókítà kan ní Kyoto, ní Japan, tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn obìnrin 36 tó ní jẹjẹrẹ ọmú, tí wọ́n ń gba paclitaxel (èyí tó máa ń jẹ́ kí ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kú), ni wọ́n fún ní ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ tó ti dì nínú fìríìjì, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n wọ̀ ọ́ sí. Ẹ̀gbẹ́ kejì wà lásán. Ẹnì kan náà, oògùn kan náà, ọwọ́ méjì. Ẹ̀gbẹ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ dídì náà kò kú tó ìkejì rárá. Kò sí ẹni tó máa gbé irú èyí wá tí mi ò ní gbọ́.

Ó yá, iná. Ọkùnrin ará Hungary kan, Endre Mester, ló fá irun ara eku ní Budapest lọ́dún 1967, tó tan lésà (ìmọ́lẹ̀ tó kóra jọ sójú kan) tí agbára rẹ̀ kéré sí wọn lára. Iná náà kò dá jẹjẹrẹ sílẹ̀ lára wọn, ṣùgbọ́n irun ibi tó tàn án sí tètè hù padà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tan án sójú egbò. Nígbà tó yá, NASA, àjọ òfúrufú Amẹ́ríkà, ń fi LED pupa (iná kékeré irú èyí tó wà nínú tọ́ọ̀ṣì ìgbàlódé) gbin ewéko nínú ọkọ̀ òfúrufú, Dókítà Harry Whelan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin sì mú irú iná bẹ́ẹ̀ lò fún àwọn ọmọdé tí wọ́n ń pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun wọn, tí kẹ́mò líle ti bó ẹnu wọn.

Ẹ wo ara ta ni o: àwọn tó ń pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun. Nígbà tí MASCC, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn káríayé tó ń rí sí ìnira tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ń mú wá, tún ìlànà wọn lórí egbò ẹnu kọ ní 2020, àwọn yẹn ni wọ́n dámọ̀ràn iná fún, àti àwọn tí wọ́n ń fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ orí àti ọrùn wọn, yálà kẹ́mò kún un tàbí kò kún un. Kẹ́mò lásán fún jẹjẹrẹ ọmú kò sí nínú ìmọ̀ràn yẹn. Àjọ NICE, tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ka kẹ́mò mọ́ tiwọn ní 2018, àmọ́ lésà ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ wọn dá lé, tí ẹni tó mọṣẹ́ ń fi kan inú ẹnu lójúkòójú, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ níbì kan, pẹ̀lú àwò dúdú lójú aláìsàn. Wọ́n ń wọn iye iná tó wọlé bí wọ́n ṣe ń wọn oògùn. Ó kéré jù, kò ṣiṣẹ́. Ó pọ̀ jù, kò tún ṣiṣẹ́.

Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ́nù fi ọ̀kan lára irú iná pupa tí wọ́n ń tà yìí ránṣẹ́ sí mi nígbà yẹn. Mo yí páálí rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Àwòrán obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín wà níbẹ̀, ó pupa, ó dára, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan tó sọ irú pupa tó jẹ́ tàbí agbára tó ní. Ara ojú ni wọ́n ṣe é fún. Mo gbé e sórí wọdiróòbù.

Nọ́ńbà yẹn sì ni gbogbo ọ̀rọ̀. Nínú LED, ègé sẹmikọ́ńdọ́tọ̀ (ohun tó ń gbé iná mànàmáná kọjá, àmọ́ tí kò gbé e tó irin) kékeré kan ló wà, tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù pọ̀ nínú apá kan rẹ̀, tí apá kejì sì ní àyè tó ṣófo. Tí iná mànàmáná bá gbà á kọjá, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á já sínú àyè yẹn, agbára tó pàdánù níbi tó ti ń já á sì jáde bí ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá ṣe já jìn tó ni àwọ̀ rẹ̀ ṣe máa rí. Ohun tí wọ́n fi ṣe ègé náà ló ń pinnu ìyẹn, ìdí nìyẹn tí pupa fi tètè wá (Nick Holonyak, Amẹ́ríkà, 1962), tí búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa sì pẹ́ dé àwọn ọdún 1990, débi pé àwọn mẹ́ta tó ṣe é, Akasaki, Amano àti Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 2014. Nànómítà ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀: pupa ti nànómítà 630 àti ti 670, ojú wa ò fi bẹ́ẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Èyí tó ju 800 lọ, ojú ò tilẹ̀ rí i. Ẹni tó bá ń ta “iná pupa” tí kò mọ nọ́ńbà rẹ̀, kí ló ń tà? Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ohunkóhun sí ojú ibi tí jẹjẹrẹ wà lọ́mú màmá.

Ọ̀rọ̀ làálì wá kàn. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n máa ń há sí ìka, tó ń sọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, LED méjì ló wà nínú ẹ̀: ọ̀kan pupa, nǹkan bí 660, èkejì tí ojú ò rí, nǹkan bí 940. Ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn máa ń jẹ́ kí pupa kọjá ju èyí tí kò gbé e lọ. Ẹ̀rọ náà á fi iye méjèèjì tó kọjá wéra, á sì wo bó ṣe ń lọ sókè sódò bí ọkàn ṣe ń lù. Takuo Aoyagi, ará Japan, ló gbé ọgbọ́n yẹn kalẹ̀ ní 1974. Ohunkóhun tó bá dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà lè tú ìṣirò yẹn ká: kíútẹ́ẹ̀sì dúdú, làálì tó ti ki.

Èmi ò lé làálì, àmọ́ kẹ́mò ti lé e fún mi. Èékánná mi dúdú láti ìdí dé orí, gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí mo ṣe lajú, ẹ̀rọ ń ké, ó ń pe 84, nọ́ọ̀sì méjì ń sáré, èmi sì ń mí dáadáa, òùngbẹ nìkan ló ń gbẹ mí. Nọ́ọ̀sì àgbà kan wọlé, ó wo ìka mi, kò sọ̀rọ̀, ó tú ẹ̀rọ náà, ó há a sí etí mi. Ó pe 97. Tí èékánná màmá bá dúdú, ẹ ti sọ fún dókítà tó máa kun wọ́n lóorun ṣáájú.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Lọ́dún 2020, àwọn dókítà kan ní Yunifásítì Michigan fi ohun tí ẹ̀rọ ìka sọ wé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà láti inú iṣan. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tí ẹ̀rọ pè ní 92 sí 96, 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ́síjìn wọn kò tó 88 ní tòótọ́. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, 3.6 ni. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ náà lè sọ pé ara yá nígbà tí kò yá, ara àwọn tó dà bí tiwa ló sì ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Tí màmá bá ń mí gúlegúle lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí ètè wọn ń ṣú, tí nọ́ńbà sì dára, ẹ ké sí dókítà. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ pa yín lẹ́nu mọ́.

Ní ti iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀, mi ò ní sọ púpọ̀. Wọ́n máa fi rọ́bà kan sílẹ̀ lábẹ́ abíyá tó ń fa omi, kò ní kúrò títí omi ojúmọ́ á fi dín sí nǹkan bí 30 mílílítà; ẹ máa kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Ọwọ́ ni kí ẹ tọ́jú. Tí dókítà bá ti yọ̀ǹda, kí wọ́n máa fi ìka gun ògiri díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá yọ kókó abíyá, àwọn kókó kéékèèké tó ń sẹ́ omi ara, omi ara lè má rí ọ̀nà lọ, kí apá wú, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Tèmi wú. Fífi ọwọ́ rọra wọ́ ọ, bàńdéèjì tí wọ́n dì mọ́ ọn, àti súlíífù (apá aṣọ) tó fún ló gbé e wálẹ̀.

Lésà náà dé ibí yìí. Ní Ọsirélíà, ní 2003, wọ́n tan lésà onísẹmikọ́ńdọ́tọ̀ ti nànómítà 904 sí abíyá àwọn obìnrin tí apá wọn wú lẹ́yìn gígé ọmú, àwọn kan sì gba èyí tí kò tàn rárá láìmọ̀. Lára àwọn tó gba ìpele ìtọ́jú méjì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni apá wọn fọn dáadáa lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta. Ìdá kan nínú mẹ́ta, kì í ṣe gbogbo wọn. Oníwàásù iná pupa kò ní sọ ìyẹn fún yín.

Owó iná yẹn, ẹ fi gbé màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí kẹ́mò tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì kọ orúkọ oògùn tí wọ́n kọ fún wọn síbí, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú káàdì, kí n lè sọ èyí tí mo mọ̀ tó ń bó ẹnu jù àti èyí tó ń pa ìka.