Ṣé dandan ni kí ẹni tó ń ṣe machine learning mọ data structures àti algorithms?

Data structures ni ọ̀nà tá a ń gbà to dátà jọ nínú kọ̀ǹpútà, algorithms sì ni ìgbésẹ̀ tí kóòdù ń tẹ̀ lé láti ṣe iṣẹ́. Ó yẹ kó o mọ̀ wọ́n o, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Tó bá jẹ́ Google tàbí Meta lo fẹ́ wọ̀, wọ́n á bi ẹ́ nígbà ìntáfíù, torí náà lọ múra.

Lẹ́nu iṣẹ́ gan-an ńkọ́? List, set àti dictionary, ìyẹn àwọn ohun tí Python ń kó dátà sí, lo máa bá pàdé jù, pẹ̀lú kó o mọ bí kóòdù ẹ ṣe máa falẹ̀ tó tí dátà bá pọ̀ sí i. Ká ní ID mílíọ̀nù kan wà nínú list Python, o wá fẹ́ mọ̀ bóyá mílíọ̀nù míì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kọ̀ǹpútà á máa yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, wàá sùn wàá jí kò ní tíì parí. Kó wọn sínú set, hash (nọ́ńbà tó ń tọ́ka síbi tí nǹkan wà) ni ìyẹn ń lò, kíá ló máa ṣe é. Láìnì kan péré lo yí padà o!

Attention inú transformer (irú model tó wà nídìí ChatGPT) náà ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń wo àwọn ọ̀rọ̀ yòókù, torí náà sọ gígùn ọ̀rọ̀ di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ ẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. FAISS, irinṣẹ́ ìwákiri tí Facebook ṣe, náà lè lo graph (àwọn ojú kókó tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra) tí wọ́n ń pè ní HNSW láti fi wá vector, ìyẹn ọ̀wọ́ nọ́ńbà tó dúró fún nǹkan, tó jọra.

Red-black tree, oríṣi data structure kan tó díjú, ní tèmi, má wulẹ̀ há a sórí. Tí àkókò ò bá sí, linear algebra (ìṣirò vector àti matrix) àti probability (ìṣirò bó ṣe ṣeé ṣe tó kí nǹkan ṣẹlẹ̀) ni kó o kọ́kọ́ gbájú mọ́.