Ibi Tí Wọ́n Rán, Ṣé Yóò Tún Ya?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Aránṣọ ni mí ní Kétu, ọmọ ọdún 26 sì ni mí. Ọmọ mi àkọ́kọ́ yóò pé ọdún mẹ́ta láìpẹ́. Kílò 3.9 ni ó wọ̀n nígbà tí mo bí i ní ilé ìwòsàn kan. Gbogbo àwọn tí ó dúró tì mí ń pariwo pé kí n máa tì í, kí n máa tì í, ọ̀kan nínú wọn sì fi apá tẹ̀ mí níkùn kí ọmọ lè tètè jáde. Ojú ara mi ya. Wọ́n rán an, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi bí ó ṣe ya tó, èmi náà kò sì béèrè nítorí ìtìjú. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀bádìí kan ni mo fi ń jókòó. Oyún kejì ti wọ oṣù keje báyìí, oorun kò sì kun ojú mi mọ́. Lẹ́nu iṣẹ́ mi, mo mọ̀ pé ibi tí aṣọ ti ya rí tí a sì rán ni ó kọ́kọ́ máa ń já bí a bá tún fà á. Ìyá ọkọ mi ní kí n dín oúnjẹ kù kí ọmọ má baà tóbi. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kúkú bẹ dókítà kí ó fi iṣẹ́ abẹ gbé e. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?
Ìyá Àkọ́bí, Kétu.

ÌDÁHÙN: Ìyá Àkọ́bí, ẹ kú ìfaradà. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó sì gbọ́ ohùn ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ aṣọ kúrò nílẹ̀, nítorí mo rí i pé òun gan-an ni kò jẹ́ kí ẹ sùn. Aṣọ tí ẹ rán kò lè wo ara rẹ̀ sàn; òwú nìkan ni ó dì í mú. Ẹran ara kò rí bẹ́ẹ̀. Òwú tí wọ́n fi ń rán obìnrin lẹ́yìn ìbímọ máa ń yọ́ dànù fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n kí ó tó yọ́ tán, ara ti so pọ̀ mọ́ ara. Àpá ni ó wà níbẹ̀ lónìí, kì í ṣe ojú rírán. Lóòótọ́, àpá kì í nà tó awọ tí nǹkan kò ṣe rí, nítorí náà ó lè tún ya díẹ̀ ní ojú kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọmọ kan ti gbà kọjá ti là, ẹran tí ó yí i ká ti nà rí, ọmọ kejì kì í sì í sábà pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà bíi ti àkọ́kọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń ka irú nǹkan báyìí dáadáa, nínú 100 obìnrin tí ó ń bímọ láti ojú ara fún ìgbà àkọ́kọ́, ó tó 90 tí awọ rẹ̀ máa ń bó, tí ó máa ń ya, tàbí tí wọ́n máa ń fi abẹ là. Èyí tí ó ya dé ihò ìdí kò ju nǹkan bíi 6 lọ nínú 100 irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn tí ó ti bímọ láti ojú ara rí, ó dínkù sí nǹkan bíi 2.

Síbẹ̀, n kò lè dá yín lóhùn tán lórí iye yẹn, nítorí ohun kan ṣì ṣókùnkùn sí èmi àti ẹ̀yin: irú èwo ni tiyín? Oríṣi mẹ́rin ni àwọn oníṣègùn pín in sí. Nínú èkíní, awọ nìkan ni ó ya, òmíràn kì í tilẹ̀ gba abẹ́rẹ́. Èkejì wọ inú iṣan tí ó wà láàárín ojú ara àti ihò ìdí, èyí sì wọ́pọ̀ púpọ̀. Ẹ̀kẹta dé iṣan tí ó ń pa ihò ìdí dé, èyí tí a fi ń di ìgbẹ́ àti ìsó mọ́ra. Ẹ̀kẹrin la iṣan náà kọjá, ó sì dé awọ inú ìfun ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó ní èkejì àti ẹni tí ó ní ẹ̀kẹrin yóò sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ọ̀rẹ́ wọn, wọn yóò ní, “Mo ya, wọ́n rán mi.” Ìmọ̀ràn wọn kò sì lè jọra rárá.

Nítorí náà, ẹ mú ìwé aboyún ti ìgbà yẹn jáde nínú àpótí, kí ẹ sì gbé e lọ fún agbẹ̀bí yín ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí wọn kò bá kọ ohunkóhun sí i, ohun tí ẹ rántí yóò ràn án lọ́wọ́. Ṣé orí ibùsùn tí ẹ bímọ sí ni wọ́n ti rán yín, tàbí wọ́n gbé yín lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ? Ṣé wọ́n fún yín ní oògùn tí ó ń mú ìgbẹ́ rọ̀? Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ǹjẹ́ ìsó ti bọ́ lọ́wọ́ yín rí láìròtẹ́lẹ̀, tàbí kí ẹ má lè mú ìgbẹ́ mọ́ra títí ẹ ó fi dé ilé ìyàgbẹ́? Mo mọ̀ pé irú ìbéèrè yìí ń dun etí. Mo ti rí obìnrin tí ó fi í pamọ́ fún ọkọ, fún ìyá àti fún dókítà, títí tí ọmọ kejì fi bẹ̀rẹ̀ sí yọrí, tí kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó yẹ kí a ṣọ́ra. Agbẹ̀bí náà lè yẹ̀ yín wò, kí ó sì fi ìka rẹ̀ mọ bí iṣan náà ṣe le sí. Ìrora rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí wọ́n bá sì dá abẹ́ fún yín ní kékeré, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn ọmọbìnrin kan kí òfin Benin tó kà á léèwọ̀ ní ọdún 2003, ẹ sọ ìyẹn náà fún un, nítorí àpá abẹ́ lè mú kí ojú ara le láti nà.

Bí ó bá jẹ́ èkíní tàbí èkejì ni tiyín, gẹ́gẹ́ bí mo ti fura láti inú ìwé yín, n kò rí ìdí kan tí ẹ kò fi ní bí i láti ojú ara. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀kẹrin, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sọ pé nínú 100 irú obìnrin bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 5 sí 7 ni ó tún máa ń ya bẹ́ẹ̀ nínú ìbímọ tí ó tẹ̀ lé e. Ìyẹn ni pé èyí tí ó pọ̀ jù lọ kò ní ya bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìsó tàbí ìgbẹ́ ṣì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní, tòun ti dókítà ni kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ kí oyún tó pé oṣù mẹ́sàn-án.

Èyí ni mo fi dé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín. Láti ọdún 2009 ni ìjọba Benin ti ní ètò tí ó sọ iṣẹ́ abẹ ìbímọ di ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn tí ó wà nínú ètò náà, nítorí náà kì í ṣe owó ni mo kọ́kọ́ ń rò. Ohun tí mo ń rò ni pé ikùn tí wọ́n là náà ní àpá, àpá inú ilé ọmọ sì lè di wàhálà fún oyún tí ń bọ̀ lẹ́yìn, nítorí olóbì lè lẹ̀ mọ́ ọn kí ó má sì fẹ́ ṣí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà ní ọmọ ọdún 26, bí ẹ bá ṣì ń gbèrò ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ ro ìyẹn mọ́ ọn. Kí a fi ikùn lílà sá fún ojú ara tí ó ya díẹ̀, tí ó sì ti san, n kò gbà á nímọ̀ràn.

Ìyá ọkọ yín fẹ́ràn yín, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ebi pa ara yín. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó ni ó máa ń wà nínú ewu bí ẹ̀jẹ̀ bá dà lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò, nítorí àtọ̀gbẹ inú oyún a máa mú kí ọmọ tóbi ju bí ó ti yẹ lọ.

Láti oṣù kẹjọ ààbọ̀ ni ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí fi òróró rọ ojú ara fúnra yín. Ẹ gé èékánná, ẹ fọ ọwọ́, ẹ lo òróró àgbọn tí kò ní lọ́fíńdà, ẹ fi àtàǹpàkò wọ inú díẹ̀, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ rọra sísàlẹ̀ àti sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí omi bá ti dà, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ tàbí bí ojú ara bá ń yún yín, ẹ má ṣe é. N kò ní tàn yín jẹ: àwọn tí ó ń bímọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ni ó ń ràn lọ́wọ́ jù lọ láti má ya; fún ẹni tí ó ti bí rí, ohun tí wọ́n rí ni pé ó máa ń dín ìrora tí ó ń pẹ́ lẹ́yìn ìbímọ kù. Ẹ má fi ewé, ata tàbí ọṣẹ kankan kún un.

Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà jù. Ẹ wo bí èdè wa ṣe pè é: ìkúnlẹ̀ abiyamọ, a kò pè é ní ìdùbúlẹ̀. Ẹ sọ fún agbẹ̀bí ṣáájú pé ẹ fẹ́ kúnlẹ̀ kí ẹ fi ọwọ́ lélẹ̀, tàbí kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, kí orí ọmọ má baà já lójijì. Bí orí bá ti yọ sí ẹnu ọ̀nà, ariwo “tì í” ti tán. Ẹ dáwọ́ títì dúró, ẹ máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tí oòrùn pa, kí orí náà fi ara rẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀. Kí agbẹ̀bí máa fi aṣọ mímọ́ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé abẹ́ yín ní àkókò tí ẹ bá ń tì. Àyẹ̀wò fi hàn pé ó ń dín èyí tí ó ń ya dé ihò ìdí kù, kò sì gbà ju omi àti aṣọ lọ. Kí ó fi ọwọ́ kan dá orí ọmọ dúró, kí ó fi èkejì gbá abẹ́ mú. Àjọ ìlera àgbáyé gba àwọn nǹkan wọ̀nyí nímọ̀ràn nínú ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2018, ó sì kọ̀ kí a máa tẹ ìyá níkùn láti lé ọmọ jáde, gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ̀ kí a máa fi abẹ la gbogbo obìnrin láìnídìí. Ohun tí wọ́n ṣe sí yín nígbà yẹn, ẹ lè kọ̀ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara bá ń ro yín, ẹ kò ní lè jiyàn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Kí ọkọ yín tàbí àbúrò yín tí ó bá tẹ̀ lé yín ti mọ̀ ọ́n, kí ó bá yín sọ ọ́.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ó tún ya, kí wọ́n fún yín ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ẹ mọ ìrora kí wọ́n tó rán an, kí wọ́n sì kọ irú èyí tí ó jẹ́ sínú ìwé yín.

ÌBÉÈRÈ: Mo kí yín, Màmá. Àgbẹ̀ ni mí ní ẹ̀bá Sábẹ. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni ìyàwó mi bímọ, ó sì ya gan-an. Ó ń dá fọ aṣọ lóru, kì í bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ó sì ní òun kò ní bímọ mọ́ láéláé. Nígbà tí mo rọ̀ ọ́, ó jẹ́wọ́ pé ìgbẹ́ máa ń yọ sí òun lára. Àwọn ẹbí ní ayé ni ó ń dà á láàmú.
Bàbá Ọmọ, Sábẹ.

ÌDÁHÙN: Bàbá Ọmọ, ẹ ṣeun tí ẹ rọ̀ ọ́ tí ó fi sọ̀rọ̀. Kò sí ọwọ́ ayé níbẹ̀. Ó jọ pé iṣan ìdí rẹ̀ ni kò so dáadáa, a sì lè tọ́jú rẹ̀. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí ó wà ní Sábẹ, kí ẹ sì jọ wọlé sọ́dọ̀ dókítà. Wọn lè kọ́ ọ bí yóò ti máa fún iṣan náà mọ́ra bí ẹni tí ó ń di ìsó, ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ìyẹn nìkan a máa tó fún àwọn kan, àwọn mìíràn a sì nílò kí a tún iṣan náà rán. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé láti ojú ara ni ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ ti ń jáde láìdáwọ́ dúró, ihò ti wà níbi tí kò yẹ kí ó wà nìyẹn. Ilé ìwòsàn Saint-Jean-de-Dieu ní Tanguiéta jẹ́ ibi tí a mọ̀ fún títún irú rẹ̀ ṣe. Ọ̀nà jìn láti Sábẹ, àmọ́ ó tó ìrìn.

Ní ti ọmọ mìíràn, ẹ má tíì mú un ní ẹnu. Kí ẹ̀yin méjèèjì gba ìfètò-sọ́mọ-bíbí títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Lọ́jọ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá tún dá ọ̀rọ̀ ọmọ sílẹ̀, irú rẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ ìbímọ lè yẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá àgbà ni mí ní Àjàṣẹ́. Ọmọ mi bímọ, wọ́n sì rán an. Ó kọ̀ láti jókòó sínú omi gbígbóná tí mo sè fún un, ó ní ó ń jó òun. Ṣé kò ní pẹ́ kí ó tó jinná?
Ìyá Àgbà, Àjàṣẹ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá Àgbà, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ọmọ yín ló jàre. Omi tí ó ń hó a máa bó awọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so, mo sì ti tọ́jú ojú iná ní ibi tí ó yẹ kí n ti máa tọ́jú ojú abẹ́rẹ́. Ẹ má bu Izal tàbí Dettol sí i. Kí ó máa fi omi mímọ́ ṣan ara lẹ́yìn tí ó bá tọ̀ tàbí tí ó bá yàgbẹ́, kí ó máa fi aṣọ mímọ́ gbẹ ibẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Bí ó bá ń rùn, bí ibà bá dé, tàbí bí ojú abẹ́rẹ́ bá ṣí, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá wù ú láti jókòó sínú omi, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ ti ìgbọ̀nwọ́ yín bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá lè fi í síbẹ̀ láìfà á yọ, ọmọ yín lè jókòó sí i.