Kí ni ìtumọ̀ "slacker" nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì?

Ẹni tó ń sá fún iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe ni. Ẹni tó ń wáṣẹ́ tí kò rí kì í ṣe slacker o. Inú "slack" ló ti wá, ìyẹn ohun tó dẹ̀, bí okùn tí wọn kò fà le. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọ̀rọ̀ náà gbóná ní Amẹ́ríkà: ẹni tó bá sá fún iṣẹ́ ológun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Kódà ní 1918, wọ́n ń dá àwọn ọkùnrin dúró nígboro New York láti fi wá àwọn slacker láàárín wọn. Lónìí, ẹ lè fi bá ọ̀rẹ́ yín ṣàwàdà, àmọ́ ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà ọ́fíìsì, èébú ni.