Ètò ẹ̀kọ́ àgbà wo ló máa bá àwọn obìnrin ọjà l'Ọ̀yọ́ mu, tí wọn ò fi ní fi í sílẹ̀ láàárín ọ̀nà?

Àkókò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Ẹni tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Àkẹ̀sán ò lè wá jókòó sí kíláàsì nígbà tí oníbàárà ń wọ́ tọ̀ ọ́. Ẹ bá ìyálọ́jà sọ̀rọ̀, kí àwọn obìnrin náà fẹnu ara wọn sọ wákàtí tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Kí ibẹ̀ sún mọ́ ìsọ̀ wọn, kẹ́ ẹ sì wá ẹni tó máa bá wọn gbé ọmọ. Èyí ṣe pàtàkì gan-an.

Ẹ fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀, ẹ sì fi ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kọ́ wọn. Kí wọ́n mú káàdì àjọ wọn wá, kí wọ́n ka ọjọ́ àti iye owó tó wà níbẹ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ra kóńgò èlùbọ́ 3 láwìn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì lórí fóònù.

Ẹ má ṣe é bí ẹni ń ṣàánú o. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Abala 10 nínú CEDAW, ìyẹn àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1979 tó tako fífi ẹ̀tọ́ obìnrin dù wọ́n, tí Nàìjíríà fàṣẹ sí ní 1985, dárúkọ ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún àgbà. UNESCO, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, náà sọ pé nínú àgbàlagbà 3 tí ò mọ̀wé lágbàáyé, bíi 2 ló jẹ́ obìnrin.

Tẹ́ ẹ bá rí ìwé ìkọ́ni tó ṣiṣẹ́ ní Íńdíà tàbí Bangladesh, ẹ gba ọgbọ́n inú rẹ̀, àmọ́ ẹ pààrọ̀ àwòrán àti àpẹẹrẹ rẹ̀ sí tọjà tiwa.