Èsì: Birkin mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ní Paris

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ẹ béèrè ìdí tí Hermès, ilé iṣẹ́ báàgì olówó ńlá ti ilẹ̀ Faransé, ò fi ta Birkin mẹ́ta, báàgì wọn tó lókìkí, fún àbúrò yín ní Paris, kí ẹ lè tún wọn tà fún àwọn oníbàárà yín. Kì í ṣe owó yín ni wọ́n kọ̀. Hermès kì í ta Birkin mẹ́ta fún ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan náà, ì báà jẹ́ pé owó kún káàdì àbúrò yín. Birkin àti Kelly, báàgì wọn mìíràn, ni wọ́n ń ṣọ́ jù. Méjì lọ́dún ni àwọn oníbàárà sábà máa ń rí gbà, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan.

Gbogbo báàgì wọn kọ́ ni òfin yìí dè. Àwọn báàgì Hermès bíi Evelyne, Picotin àti Garden Party ò sí nínú ẹ̀. Ẹ bi àwọn oníbàárà yín l'Óṣogbo bóyá wọ́n á gba ìyẹn.

Bí àbúrò yín bá ṣì wà ní Paris:

1. Kó béèrè àyè láti wọ ṣọ́ọ̀bù lórí ìkànnì Hermès lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó fẹ́ lọ. Bíi kèké ṣíṣẹ́ ni, kì í ṣe gbogbo ẹni tó béèrè ni wọ́n ń mú. Tí wọn ò bá mú un, kó tún béèrè lọ́jọ́ kejì.

2. Kó kọ orúkọ bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù gẹ́lẹ́. Tó bá kọ "Ṣadé" níbi tí páásípọ́ọ̀tù ti pè é ní "Folashade", ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti lè dá a padà.

3. Kó mú àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ́kàn. Kó mọ bó ṣe fẹ́ kó tóbi tó náà: 25, 30 tàbí 35 ni fífẹ̀ Birkin sábà máa ń jẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó èèyàn jọ láti máa bá yín rà á. Tí wọ́n bá fura pé ẹ fẹ́ tún un tà ni, wọ́n lè má tà fún èyíkéyìí nínú yín mọ́. Owó orí ọjà tí ilẹ̀ Faransé ń dá padà fún àlejò náà kò sí fún ọjà tí èèyàn rà láti tún tà.